Yétúndé Lójú Fèrèsé: Ìrìn-àjò Wa sí Ìlú Òyìnbó

Láti ìgbà tí a ti dé, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ènìyàn kì í yà sí ilé wa ní Ẹ̀jìgbò láti béèrè bí ìlú òyìnbó ti rí. Àwọn ará Màsífà fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni omi ń dì bí òkúta. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi tí wọ́n ti tajà dé Abíjàn ń béèrè bóyá òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù le ju òyìnbó Faransé lọ. Àwọn tí a jọ jáde ilé-ìwé ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń béèrè ohun tí obìnrin ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ kí òtútù má baà pa á. Mo ti dáhùn títí ẹnu fi ń ro mí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n óò kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí pẹ̀lú: bí ó ti kù díẹ̀ kí ọmọ wa di ọmọ ẹlòmíràn níbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni hùwà ibi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wí pé mo ń pe ọkọ mi ní "ó" nínú àkọsílẹ̀ yìí. Lẹ́nu, "ẹ" ni mo ń lò fún un, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́ pé "wọ́n ń kàwé," ẹ ó rò pé gbogbo àdúgbò ni ó ń kàwé.

Ìbéèrè Ìyá Àgbà

Ọmọ ìlú Ọlá ni Bàbá Yétúndé, ọkọ mi, ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì. Èmi jẹ́ ọmọ mùsùlùmí onísòwò ní Ẹ̀jìgbò níhìn-ín. Oyún Yétúndé wà nínú mi nígbà tí ó wọkọ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Nígbà tí ìròyìn dé pé ó ti yege, ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti ń fojú sun àkùkọ tí wọn yóò pa. Kàkà kí ó dé, ìwé ni ó kọ. Ó ní òun fẹ́ fi oyè mìíràn lé e, ẹ̀kọ́ nípa òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn àti ìdájọ́ láàrin orílẹ̀-èdè kan àti èkejì.

Ìyá Àgbà ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní ṣé lọ́yà tí ó ti dà yẹn kò tó ni. Mo ṣàlàyé bí mo ti mọ: pé lẹ́yìn ogun Hítílà, ayé rí i pé ìjọba kan lè pa àwọn ènìyàn tirẹ̀ bí ẹran, kí ó sì ní òfin òun ló gba òun láyè. Wọ́n wá ń wá òfin tí yóò ga ju ìjọba lọ.

"Ìyẹn ni pé wọ́n lè fi dá ọba lẹ́jọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.

Wọ́n pa òwú tí wọ́n ń ran tì. "Bí ọba bá wá jẹ̀bi ńkọ́? Ta ni yóò lọ mú un?"

Mo kọ ìbéèrè yẹn ránṣẹ́ sí ọkọ mi bí àwàdà. Èsì tí ó fi ránṣẹ́ kò ní àwàdà nínú. Ó ní ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n àwọn bi àwọn ní ọjọ́ kìíní gan-an nìyẹn. Ó ní kí èmi náà máa bọ̀, kí n gbé ọmọ òun wá kí òun rí i.

Ìyá Àgbà fẹ́ kí n fi Yétúndé sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní Ọlá. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé bàbá ọmọ kò rí i rí. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ wọn nínú. Ní àárọ̀ tí a ń lọ, wọ́n gbé kíjìpá kan lé mi lọ́wọ́, aláró, ó nípọn bí ẹní, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi hun ún. "Kì í ṣe tìrẹ," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bá ṣe ọmọ yìí lóore lọ́hùn-ún ni kí o fún."

Òyìnbó tí ń ru ẹrù

N kò ní sọ púpọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi. Omi ni, èébì ni, omi náà ni. Yétúndé nìkan ni kò bì. Ó ń jẹ bísíkíìtì kiri láàrin àwọn àgbà tí ń ké pe ìyá wọn.

Mo ti rò pé ìlú òyìnbó yóò máa dán. Àwọn ilé Lifapúù tí a gúnlẹ̀ sí dúdú bí ìdí ìkòkò, èéfín sì bo òkè tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ ibi tí oòrùn wà. Ṣùgbọ́n ilé kọ́ ni mo ń wò. Ẹni tí ó wá gbé àpótí mi ni mo ń wò. Òyìnbó ni. Ó lẹ ṣòkòtò rẹ̀ lórúnkún, ó gbé àpótí mi lé èjìká, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí àwọn alábàárù wa. Nílé, òyìnbó kan ṣoṣo tí mo rí nítòsí ni ọ̀gá ìjọba tí ẹlòmíràn ń ru agboòrùn lé lórí. Mo tẹ̀ lé ọkùnrin yìí, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bí ẹni ń wo iwin. Nígbà tí ó sọ àpótí kalẹ̀, ó pè mí ní olólùfẹ́ òun. Mo yára bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ọkọ mi wà nítòsí tí ó lè gbọ́. Nígbà tí mo sọ fún un lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ènìyàn nìyẹn níbẹ̀, títí kan obìnrin tí ń ta ẹja.

Ní òpópónà kejì, mo rí obìnrin òyìnbó kan lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Àgbàlagbà ni. Ó ṣe mí bíi kí n gba búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa òyìnbó nílé-ìwé, n kò rántí ibi tí wọ́n ti sọ pé wọ́n máa ń kúnlẹ̀.

Bàbá Yétúndé ti dúró dè wá ní sítéṣọ̀n reluwé nínú kóòtù gígùn àti fìlà. Mo mọ̀ pé ó ti múra ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò sọ fún ọmọ rẹ̀. Yétúndé wò ó, ó figbe ta. Ọkọ mi gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó ṣí fìlà, ó dúró bẹ́ẹ̀ nínú òjò, orí rẹ̀ ń tutù, títí ọmọ náà fi dákẹ́ láti wo irun orí rẹ̀.

Iyàrá kan

Iyàrá kan ni a ní, lókè ilé olókè mẹ́ta, lọ́dọ̀ opó kan tí kò burú ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ ohunkóhun tí ó bá ń dún. Kò fẹ́ kí n gúnyán, kò fẹ́ kí n kọrin, nígbà tí ó sì rí mi tí mo ń fọ ẹsẹ̀ nínú agbada ìbọ́jú láti ṣe àlùwàlá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé bàsíà kékeré kan wá fún mi láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá inú ló bí i tàbí àánú ló ṣe é. Bí ọ̀pọ̀ nǹkan ti rí níbẹ̀ nìyẹn: oore a dé, ṣùgbọ́n kò ní bá ọ sọ̀rọ̀.

Ẹ ó bi mí nípa oúnjẹ. Pọ̀tétò bíbọ̀ ni ní Ọjọ́ Ajé, pọ̀tétò títẹ̀ ni ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ń fi mílíìkì àti ṣúgà se ìrẹsì. Mo tọ́ ọ wò, mo sì káàánú ìrẹsì náà. Ṣùgbọ́n ẹja díndín wọn dára, pẹ̀lú pọ̀tétò díndín, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn àná dì, tí o ó máa jẹ lójú ọ̀nà tí ọwọ́ rẹ yóò máa gbóná. Àwa ọmọ ilẹ̀ wa a máa ro ìyẹ̀fun ìrẹsì lórí iná títí yóò fi le, a ó di ojú, a ó pè é ní iyán. Ẹni tó bá jókòó tì wá kò ní mọ̀ pé irọ́ ni a ń jẹ, bí a ṣe ń mí kanlẹ̀.

Ìkíni wọn ni kò yé mi. O lè bá ènìyàn gbé ilé kan kí ó má kí ọ bí o bá jí. Síbẹ̀, bí o bá gbé ife kan fún un, yóò dúpẹ́. Bí o bá gbà á padà, yóò dúpẹ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òun gan-an ni yóò tọrọ àforíjì. Wọn a béèrè pé báwo ni, wọn a sì ti kọjá kí o tó la ẹnu. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo máa ń sáré tẹ̀ lé wọn láti parí ìdáhùn mi.

Àwọn tí ń jẹ ìrẹsì wa

Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, àwọn tí ó ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ tí Bàbá Yétúndé ń kọ́ máa ń wá sí iyàrá wa, nítorí pé ọbẹ̀ mi ní ata. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Íńdíà, ọ̀kan wá láti Gold Coast. Ọ̀kan jẹ́ Júù tí ó sá kúrò ní Jámánì ní ọmọdé. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó kù nínú ìdílé rẹ̀. Òun ni kì í pariwo. Àwọn yòókù a máa lu tábìlì títí onílé yóò fi mú igi lu àjà láti ìsàlẹ̀.

Mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ bí mo ti ń bu oúnjẹ. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti pawọ́ pọ̀ kọ ìwé kan pé ẹ̀tọ́ wà lára ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ ènìyàn, ọba kò fún un, ọba kò sì lè gbà á. Ó dùn létí mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo béèrè pé àwa tí ọba wọn ń jọba lé lórí láti òkè òkun ńkọ́, ṣé a wà nínú ìwé náà. Ọmọ Íńdíà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gba ìyàwó yìí sí kíláàsì. Ọmọ Gold Coast ní a wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé a kò tíì dé ojú ewé náà. Ọmọkùnrin Júù yẹn nìkan ni ó dá mi lóhùn bí ẹni tí ó béèrè ohun gidi. Ó ní ìwé kò mú ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá mú ọba, ìwé ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.

Mo kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà. Wọ́n ní kí n sọ fún ọmọ náà pé àwọn ń gbàdúrà fún un.

Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù

Yétúndé ń dún, bẹ́ẹ̀ sì ni onílé wa kò fẹ́ ohun tí ń dún. Èmi náà ti rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì, bàbá rẹ̀ kò sì lè kàwé pẹ̀lú ọmọ tí ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ń ṣe nígbà náà ni kí wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ obìnrin òyìnbó kan ní ìgbèríko kí ó máa bá wọn tọ́ ọ, kí wọ́n máa fi owó oúnjẹ rẹ̀ ránṣẹ́. Ìyàwó ará Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló júwe Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù fún wa.

Ìlú kékeré létí òkun ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì dá nìkan wà. Ogun ti mú ọkọ wọn lọ, wọn kò sì bímọ. Wọ́n ga, wọn kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ohun tí mo fi gbà wọ́n ni pé nígbà tí Yétúndé da tíì sí wọn lára, aṣọ ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wò bóyá ó gbóná. Mo sọ fún ọkọ mi nínú reluwé pé ọmọ náà ti bọ́ sí ọwọ́ dáadáa. Mo sọkún títí a fi délé, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yí ohun tí mo sọ padà.

A kò sì lọ síbẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní Ẹ̀jìgbò, ẹ kò ní béèrè ìdí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mo jẹ́ nígbà tí ìyá mi gbé mi wá láti Abíjàn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìsúndúnrin. Ìyá mi kò wá wò mí títí eyín ọmọdé mi fi yọ tí òmíràn hù. Ọmọ tí ó ń rí ìyá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ níbi tí ó wà. Ìyá tí ó sì ń yọjú ṣáá ń sọ fún ẹni tó gba ọmọ rẹ̀ pé òun kò fọkàn tán an, pé òun wá ka egungun ìhà ọmọ. Ní ọjọ́ tí ìyá mi wá, wọ́n kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n tú aṣọ tí wọ́n rà bọ̀ fún un, wọ́n béèrè oko, wọ́n béèrè ewúrẹ́, wọ́n jẹun. Iwájú wọn ni mo dúró sí ní gbogbo ìgbà náà. Lẹ́yìn ohun gbogbo ni wọ́n tó ní, "Ọmọ yín dà?" Mo mọ̀ pé wọ́n ti rí mi, nítorí pé omi ti kún ojú wọn kí wọ́n tó jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ṣe. Mo ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, mo hun síwẹ́tà pupa kan, mo fi bísíkíìtì ránṣẹ́. N kò yọjú. Ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, ẹsẹ̀ mi fẹ́ lọ, mo sì ń mú un dúró, mo ń rò pé mo ń bu ọlá fún Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù.

Obìnrin ìjọba

Ìgbà òtútù ti wọlé, yìnyín ti ń bọ́ bí òwú tí wọ́n gbọ̀n dànù, nígbà tí obìnrin kan kanlẹ̀kùn wa. Ọ̀dọ́ ni, ó gbé báàgì aláwọ. Ìjọba ibẹ̀ ló fi í ṣe olùtọ́jú ọ̀ràn àwọn ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí wọn. Ó jókòó létí ibùsùn wa, nítorí pé ìwé Bàbá Yétúndé wà lórí àga, ó sì fi pẹ̀lẹ́tù béèrè bóyá a ti pinnu láti fi ọmọ náà sílẹ̀ fún Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù pátápátá.

Mo rò pé èdè òyìnbó mi ti sá lọ. Obìnrin náà tún un sọ. Ó ní Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù ti ní àwọn ṣe tán láti gba ọmọ náà lábẹ́ òfin, kí ó máa jẹ́ orúkọ wọn, nítorí pé ó hàn gbangba pé àwọn òbí rẹ̀ ti pa á tì.

Ọkọ mi dìde. Ó sọ̀rọ̀ bí lọ́yà. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ òbí, ó sọ̀rọ̀ nípa ààbò tí gbogbo ayé ti fọwọ́ sí pé kí ìdílé máa ní. Ní ìparí ó ní, "Òfin ni mo ń kọ́, màdáámù. Òfin yìí gan-an."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Ìgbà wo ni ẹ rí ọmọ yín kẹ́yìn?"

Ọkọ mi padà jókòó. Ìrẹsì tí mo gbé kaná ni ó ń dún.

Obìnrin náà kò burú sí wa. Ó ní òun yóò padà lọ sọ́dọ̀ Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù ní Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìyẹn ni òun yóò kọ ohun tí òun rí fún adájọ́. Nígbà tí ó lọ tán, Bàbá Yétúndé ṣí ìwé lé ìwé. Ó ní nínú òfin ilẹ̀ náà, bí adájọ́ bá gbà pé òbí ti pa ọmọ tì, ó lè fa ọmọ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìgba àṣẹ lẹ́nu wọn. Mo bi í pé nínú ìwé tí orílẹ̀-èdè gbogbo kọ, níbi tí wọ́n ti ní kí a dáàbò bo ìdílé, kí ni wọ́n pè ní ìdílé. Ó wò mí. Ó ní wọn kò sọ. Lẹ́yìn náà ó pa ìwé dé, ó gbé ojú lé ọwọ́. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Mo fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn, mo yọ kíjìpá Ìyá Àgbà. Mo ní kí ó jẹ́ kí n dá nìkan lọ.

Kíjìpá

Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. "O pẹ́ kí o tó wá," ni wọ́n wí.

Mo kúnlẹ̀ lórí ẹní ìnusẹ̀. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Wọ́n di apá mi mú, wọ́n ní ṣé ara mi kò yá. Mo ní ara mi yá, mo ń kí wọn ni. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ náà fún wọn, mo ní ìyá ọkọ mi ló hun ún fún ẹni tó bá ṣe ọmọ wa lóore. Wọ́n gbà á, wọn kò mọ bí wọn yóò ti gbé e.

Yétúndé wà lẹ́yìn àga. Ó ti sanra. Síwẹ́tà pupa tí mo hun wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti fẹ́ kéré fún un. Wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù di irun rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, nítorí pé wọn kò mọ irun dì. Ó yọjú wò mí, ó sì fi èdè òyìnbó béèrè lọ́wọ́ wọn, ó ń pè wọ́n bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń pe ìyá àgbà wọn, pé, "Nánà, ta nìyẹn?"

N kò na ọwọ́ sí i. Mo jókòó síbi tí wọ́n fi hàn mí. Mo béèrè àlàáfíà Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù, mo béèrè orúnkún tí ń dùn wọ́n, mo béèrè adìyẹ ẹ̀yìnkùlé. Bí ìyá mi ti ṣe ní Ìsúndúnrin ni mo ń ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi ọwọ́ kan di ìkejì mú lórí ẹsẹ̀ mi kí n má baà nawọ́ sí ọmọ mi.

Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù ń wò mí, ojú wọn sì ń le sí i. "Ṣé o kò tilẹ̀ ní gbé e ni?" ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ọmọ rẹ ni o."

Mo ní, "Bí mo bá kọ́kọ́ gbé e, á dà bí ẹni pé mo wá wò bóyá ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: Abíjàn, Ìsúndúnrin, eyín tó yọ àti èyí tó hù, ìyá mi tí omi kún ojú wọn tí wọ́n ń béèrè ewúrẹ́. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú èdè òyìnbó ilé-ìwé tí mo ní. Nígbà tí mo parí, Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù dìde lọ sí ilé ìdáná. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbé agolo kan bọ̀, kéèkì ni ó wà nínú rẹ̀.

"Ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń ṣe èyí," ni wọ́n wí. "Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń wọ aṣọ tó dára jù fún un, mo ń gbé e lé àga lójú fèrèsé yẹn kí ó lè tètè rí yín. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, èmi àti òun a jẹ kéèkì náà. Ẹ kò wá. Mo rò pé bóyá ilé mi ni kò tó yín wọ̀. Mo wá sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń bọ̀. Kí ni kí n ti sọ fún un?"

Èmi ń mú ẹsẹ̀ mi dúró nínú iyàrá kan, obìnrin yìí ń gbé ọmọ mi ka àga lójú fèrèsé, Ọjọ́ Ìsinmi kan náà ni. Àwa méjèèjì ń hùwà ọmọlúàbí. Mo wo fèrèsé náà. Ìka ọmọdé wà lára gíláàsì rẹ̀ níbi gbogbo.

Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù ní bí àwọn bá dá ọmọ náà padà, àwọn ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Mo ní rárá o. Mo ní ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló jókòó sí àyè ìyá, ìyá tó bí mi sì jókòó lẹ́yìn wọn, kò sì sí ẹni tí inú bí. "Ní ọjọ́ ìgbéyàwó Yétúndé, ẹ̀yin ni ẹ ó jókòó níwájú."

"Ìwọ ńkọ́?"

"N óò jókòó lẹ́yìn yín."

Wọ́n fi etí kíjìpá náà nu ojú. Aṣọ náà le, kò dára fún irú iṣẹ́ yẹn. Yétúndé wá, ó fọwọ́ kan aṣọ náà, lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan orúnkún mi, bí ẹni tí ń wò bóyá ohun kan náà ni.

N kò gbé e lọ ní ọjọ́ yẹn. A kì í já ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ ọ. Ní Ọjọ́ Ẹtì, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wà níbẹ̀ nígbà tí obìnrin ìjọba dé. Ó bi Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù bóyá wọ́n ṣì fẹ́ kí ọ̀ràn náà lọ síwájú adájọ́.

"Ọmọ yìí ní ìyá," ni Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù wí. "Ó kàn jẹ́ pé lọ́dọ̀ tiwọn, ìyá tó bá fọkàn tán ọ kì í yọjú. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

Obìnrin náà béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n ní kí ó kọ ọ́ bí àwọn ti sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi ní Ọlá

Láti ìgbà náà, Yétúndé ṣì ń gbé lọ́dọ̀ Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù, ṣùgbọ́n a kò pa Ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ títí a fi kúrò ní ìlú náà. Bàbá Yétúndé a máa gbé ìwé tí ó ń kọ fún oyè rẹ̀ dání, ó sì máa ń kọ ọ́ lórí tábìlì Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù. Ohun tí ó fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òfin tí a bá ṣe fún gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn náà bí wọ́n ti ń ṣe ohun tí ó fẹ́ dáàbò bò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ààbò náà yóò di ohun tí ń já ọmọ gbà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá a jiyàn gidigidi, wọ́n sì fún un ní oyè rẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù sìn wá dé sítéṣọ̀n. Wọ́n fi kíjìpá bo èjìká lórí kóòtù, àwọn òyìnbó ń wò wọ́n, wọn kò sì ka ẹnikẹ́ni sí.

Ìyá Àgbà pa àkùkọ náà níkẹyìn. Wọ́n béèrè bóyá ọmọ wọn ti rí ẹni tí yóò mú ọba. Ó ní kò tíì sí, Ìyá, ṣùgbọ́n a ti ń kọ ìwé ìpè rẹ̀. Wọ́n béèrè ẹni tó tọ́ Yétúndé lọ́hùn-ún, mo sì sọ ọ́. Wọ́n bá mi wí pé kí ló dé tí a kò mú obìnrin náà wá kí àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí mo mọ̀ pé wọn yóò sọ. Wọ́n ní ó ti kan àwọn báyìí. Kí Yétúndé wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Ọlá kí ó lè gbọ́ èdè bàbá rẹ̀.

Mo gbé e fún wọn. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, mo gbìyànjú láti jókòó sílé. Kí oòrùn tó ga, mo ti wà lórí kẹ̀kẹ́. Ìyá Àgbà rí mi láti òkèèrè, wọ́n sì dìde dúró.

"Ṣé ebi ń pa á níbí ni?"

Mo kúnlẹ̀ nínú eruku. Mo ní rárá o, Ìyá. Mo kí wọn, mo béèrè òwú, mo béèrè ẹsẹ̀ wọn. Mo wá sọ fún wọn nípa fèrèsé Mìsíìsì Wẹ́ẹ̀bù, kéèkì inú agolo, àti ìka lára gíláàsì. Wọ́n bu ẹ̀kọ fún mi, wọ́n sì jẹ́ kí n máa lọ.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì, òjò dá mi dúró, mo pẹ́. Nígbà tí mo yọ sí àgbàlá wọn, Yétúndé jókòó lórí àpótí níwájú ilé. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti dirun fún un, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì ti kọjú àpótí náà sí ojú ọ̀nà Ẹ̀jìgbò. Ìyá Àgbà jókòó lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ranwú, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni.

"O pẹ́," ni wọ́n wí.